Báàjì Ọlọ́pẹ àti Gbèsè Ọpẹ́

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe yìí kò yé mi dáadáa nígbà tí mo wà ní ọmọ ilé-ìwé bí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Mo rò pé ẹni tí ó bá ti gba nǹkan, tí ó sì wí pé "Ẹ ṣé", ti san gbèsè rẹ̀ tán. Ìgbà tí mo dàgbà, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí kó báàjì àwọn ọmọ-ogun jọ, ni mo tó mọ̀ pé oore kan wà tí ẹnu nìkan kò tó láti fi dúpẹ́ rẹ̀. Oore mìíràn sì wà tí a kì í tilẹ̀ mọ̀ sí oore ní ọjọ́ tí a ṣe é fún wa. Oore méjèèjì yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àpótí pẹlẹbẹ kan wà nínú yàrá ìkàwé mi tí a fi gíláàsì bo ojú rẹ̀. Báàjì 64 ni ó wà nínú rẹ̀: òmíràn jẹ́ idẹ, òmíràn jẹ́ irin funfun, òmíràn sì jẹ́ aṣọ tí a fi òwú ya àwòrán sí lára. Nínú gbogbo wọn, 11 péré ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi wá kiri tí mo sì fi owó ara mi rà. Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fún mi ní 53 yòókù, tàbí kí wọ́n júwe ibi tí mo ti lè rí wọn. Ẹni tí ó bá rí àpótí náà a máa wí fún mi pé, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́." Ìkíni náà dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n bí mo bá gbà á fún ara mi nìkan, olè ni mo jà.

Ní ọjà Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn ni mo ti rí èyí àkọ́kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ọkùnrin kan tẹ́ àpò sílẹ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ àtijọ́, àgádágodo tí ó ti bàjẹ́ àti owó wẹ́wẹ́ ayé òyìnbó lé e lórí. Láàárín wọn ni mo ti rí idẹ kékeré kan tí a ya igi ọ̀pẹ sí lára. Mo bi í pé, "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni èyí?" Ó dáhùn pé, "Nǹkan iwájú fìlà sójà ayé òyìnbó ni." Owó tí ó béèrè kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán mi lọ. Mo san án, mo sì fi ebi sùn ní ọjọ́ náà.

Kí ni iṣẹ́ báàjì? Ẹ rántí pé ní ayé àwọn baba wa, ilà ojú ni a fi ń mọ ìdílé tàbí ìlú tí ènìyàn ti wá. Ẹni tí ó kọ àbàjà kò ní í sọ fún ọ kí o tó mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀. Báyìí gẹ́lẹ́ ni báàjì rí lára ọmọ-ogun. Láti ara èyí tí ó wà ní iwájú fìlà rẹ̀ àti èyí tí ó wà ní èjìká tàbí apá ẹ̀wù rẹ̀ ni a ó ti mọ ẹgbẹ́ ogun tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀pẹ ni ilà ojú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 1897 ni wọ́n rán Lugard láti bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn jọ, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ náà ní West African Frontier Force. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, àwọn ọmọ Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, àwọn ọmọ Sierra Leone àti àwọn ọmọ Gáńbíà ni wọ́n wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1928 ni ọba Gẹ̀ẹ́sì bu ọlá fún ẹgbẹ́ náà, tí a sì fi Royal ṣáájú orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà R.W.A.F.F. ti dípò W.A.F.F. Ẹ fi ọdún yìí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ yóò tún kàn án níwájú. Ọdún 1960 ni ẹgbẹ́ náà túká, tí àwọn ọmọ-ogun orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì dá dúró.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo jẹ ní gbèsè ọpẹ́ ni ọ̀gbẹ́ni àgbàlagbà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A kò rí ara wa rí. Lẹ́tà nìkan ni ó so wá pọ̀. Òun náà ń kó báàjì jọ, nítorí pé bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn ọmọ-ogun wa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Òun ni ó kọ́ mi bí a ti ń fi adé mọ ọjọ́ orí báàjì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní bí orí adé bá rí roboto, ó ṣeé ṣe kí báàjì náà jẹ́ ti ayé àwọn ọba tí wọ́n jẹ láàárín ọdún 1901 sí 1952. Bí àárín orí adé bá sì tẹ̀ wọlé díẹ̀, ti ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ni. Nígbà tí Ọba Charles Kẹta gorí oyè ní ọdún 2022, ó tún padà sí adé olórí roboto. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò wá so báàjì tuntun pọ̀ mọ́ ti àtijọ́.

Ọ̀gbẹ́ni yìí fi báàjì mẹ́sàn-án ránṣẹ́ sí mi, kò sì gba kọ́bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó bẹ̀ mí sí. Bàbá rẹ̀ fi ìwé kékeré kan sílẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà kan sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó ti gbọ́ wọn lẹ́nu ọmọ-ogun Yorùbá kan. Kò sí ẹni tí ó lè túmọ̀ wọn fún un. Mo wò wọ́n: "omi" wà níbẹ̀, "ẹrù" wà níbẹ̀, "ó dàárọ̀" sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kẹfà ni ó kọ báyìí pé "oshuka". Nígbà tí mo kà á, mo dìde lórí àga.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ẹgbẹ́ ogun ńlá méjì ni Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rán lọ sí Bọ́mà, ilẹ̀ tí a ń pè ní Myanmar lónìí. Àkọ́kọ́ ni Ẹgbẹ́ Kọkànlélọ́gọ́rin, èkejì ni Ẹgbẹ́ Kejìlélọ́gọ́rin. Ọdún 1943 ni a kó àwọn méjèèjì jọ. Báàjì Ẹgbẹ́ Kejìlélọ́gọ́rin ni ọ̀kọ̀ méjì tí ó dábùú ara wọn, tí wọ́n gba inú nǹkan roboto kan kọjá. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti ní báàjì náà lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì rò pé okùn ni nǹkan roboto náà. Òṣùká ni! Òṣùká tí àwọn alárùú ń gbé ka orí kí wọ́n tó ru ẹrù ni. Nínú igbó àti orí òkè Bọ́mà tí ọkọ̀ kò lè gbà, orí ni a fi ń ru ọta ìbọn àti oúnjẹ. Bí alárùú kò bá débẹ̀, oníbọn kò lè jà. Ìdí nìyí tí a fi da òṣùká pọ̀ mọ́ ọ̀kọ̀. Báàjì wà lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́nu wa. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹnì kejì ni ìyá àgbàlagbà kan ní Ìlẹ́ṣà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi, òun ni ó sì lọ sọ fún un pé tíṣà òun ń wá nǹkan àwọn sójà àtijọ́. Nígbà tí mo lọ kí i, ó tú ìdí gèlè kan, ó sì mú aṣọ kékeré kan jáde tí àwọ̀ òféèfèé rẹ̀ ti ṣá. Aláǹtakùn dúdú ni ó wà lára rẹ̀. Báàjì Ẹgbẹ́ Kọkànlélọ́gọ́rin ni. Aláǹtakùn yìí ni Ànáńsé inú àlọ́ àwọn ará Gánà, ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ bí Ìjàpá tiwa. Wọ́n ní ṣe ni wọ́n ń rán an mọ́ apá ẹ̀wù kí orí rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ọmọ-ogun bá na ìbọn rẹ̀ síwájú, iwájú náà ni aláǹtakùn ń lọ.

Bàbá ìyá yìí wà lára àwọn tí wọ́n jà ní àfonífojì Kaladan ní ọdún 1944. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà tí ó gùn tó máìlì 75 gba orí òkè kọjá. Nígbà tí wọ́n sì wọ inú àfonífojì náà, ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń ju oúnjẹ wọn sílẹ̀ láti ojú ọ̀run. Ẹ̀yin tí ẹ bá gba Mọ́kọ́lá kọjá ní Ìbàdàn, ẹ ó rí bárékè tí a ń pè ní Letmauk. Ní Èkó, ẹ ó gbọ́ orúkọ Dodan, Arakan àti Myohaung. Gbogbo wọn jẹ́ orúkọ ibi tí àwọn baba wa ti jagun ní Bọ́mà, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Mo fẹ́ fún ìyá náà lówó. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, n kò tà á. Mo fi í fún ọ kí o bá mi pa á mọ́ ni, nítorí mo rí i pé ìwọ kò ní í jù ú nù. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbàgbé pé ènìyàn kan ni ó wọ̀ ọ́." N kò lè fèsì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ẹnì kẹta ni alágbẹ̀dẹ kan tí ó mọ iṣẹ́ idẹ. Báàjì kan máa ń ní etí méjì ní ẹ̀yìn tí a fi ń dè é mọ́ fìlà. Etí kan já lára ọ̀kan nínú tèmi, mo sì gbé e tọ̀ ọ́ lọ. Ó bá mi tún un ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí ó nù ún kí ó máa dán bíi wúrà, ó mi orí. Ó ní, "Sójà tí ó ni ín ti nù ún tó. Ẹ wo bí imọ̀ ọ̀pẹ yìí ti pẹ́lẹ́ tán. Bí ẹ̀yin náà bá tún ń nù ún, ẹ ó nu ọ̀pẹ orí rẹ̀ nù." Láti ọjọ́ náà, aṣọ gbígbẹ tí ó rọ̀ nìkan ni mo fi ń nu eruku kúrò lára wọn. Kò gba owó lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn rẹ̀ ni ó gba gbogbo àpótí mi là.

Mo wá dé orí ẹnì kẹrin, ẹni tí kò fún mi ní báàjì kankan, tí ó sì jẹ́ pé òun ni mo jẹ ní gbèsè jù lọ. Bàbá àgbà kan ni, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì sí Abẹ́òkúta. Òun náà fẹ́ràn báàjì, ó sì ti ń kó wọn jọ kí a tó bí mi. Ní ọdún kan, oníṣòwò kan gbé báàjì ọlọ́pẹ kan wá bá mi. Ó ní ti akọni kan ni, tí ó bá àwọn ará Jámánì jà ní Kamẹrúùnù nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi san ìdajì owó oṣù mi lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta kí Bàbá lè bá mi yọ̀.

Bàbá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó mú awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó yẹ báàjì náà wò níwájú, ó yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Tíṣà, ọdún wo ni ogun Kamẹrúùnù parí?"

Mo ní, "Ọdún 1916 ni, sà."

"Ọdún wo ni ọba fi Royal kún orúkọ ẹgbẹ́ náà?"

"Ọdún 1928 ni, sà."

Kò bi mí ní ìbéèrè mìíràn. Ó kàn dá báàjì náà padà fún mi, ó sì fi ìka rẹ̀ sí abẹ́ ọ̀pẹ, níbi tí a kọ R.W.A.F.F. sí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo mọ ọdún méjèèjì. Mo ti kọ wọ́n sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí mo ní sí ìtàn oníṣòwò náà ni ó dí mi lójú. Dípò kí n dúpẹ́, inú bí mi. Mo wí fún Bàbá pé, "Ẹ̀yin náà kò ṣáà sí ní Kamẹrúùnù." Ọ̀rọ̀ burúkú ni sí ẹni tí ó tó bí mi lọ́mọ. Kò dá mi lóhùn. Mo dìde, mo lọ, n kò sì tún gba ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́ fún oṣù márùn-ún.

Nígbà tí ó yá, ilé-ìwé wa ní kí n pàtẹ àkójọ mi fún àwọn òbí láti wò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ kan jọ ń kọ ọ̀rọ̀ sára páálí tí a ó fi sí ẹ̀gbẹ́ báàjì kọ̀ọ̀kan. Mo kọ "Kamẹrúùnù, 1914 sí 1916" fún èyí tí mo fi owó gọbọi rà. Ọmọ náà gbé báàjì yìí sókè, ó wò ó, ó sì fi ọ̀wọ̀ bi mí pé, "Sà, ṣé kì í ṣe ọdún 1928 ni ẹ ní wọ́n fi lẹ́tà R sí i ni?"

Ojú tì mí. Bí mo bá dákẹ́, àwọn òbí yóò kà á, wọn yóò sì gbà á gbọ́, nítorí pé tíṣà ni ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo yóò mọ̀ pé tíṣà òun purọ́. Mo ya páálí náà. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí pàtẹ náà tó bẹ̀rẹ̀, mo ti dé Abẹ́òkúta. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá, mo sì tọrọ àforíjì.

Ó ní kí n dìde. Ó ní, "Bí mo bá fẹ́ ibi fún ọ, ǹ bá yìn ọ́ ní ọjọ́ náà. Kò sí ohun tí ó ṣe báàjì rẹ. Báàjì òtítọ́ ni. Ìtàn tí wọ́n fi wọ̀ ọ́ ni kì í ṣe tirẹ̀. Gbé e sí ipò rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí o sì kọ òótọ́ sí i." Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Bàbá fi ayé sílẹ̀. Títí di òní, mo ń dúpẹ́ pé n kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí n tó lọ.

Láti ọjọ́ pàtẹ náà ni ìlà mẹ́ta ti wà lára páálí kọ̀ọ̀kan nínú àpótí mi. Ìlà kìíní sọ ohun tí báàjì jẹ́. Ìlà kejì sọ ìgbà tí a lò ó, bí a bá mọ̀ ọ́n. Ìlà kẹta sọ orúkọ ẹni tí ó tọwọ́ rẹ̀ wá. Lábẹ́ aláǹtakùn, orúkọ ọmọ-ogun tí ó wọ̀ ọ́ ni ó ṣáájú, ti ọmọ rẹ̀ obìnrin sì tẹ̀ lé e. Lábẹ́ báàjì tí mo rà ní ìdajì owó oṣù, mo kọ orúkọ Bàbá ará Abẹ́òkúta, mo sì fi kún un pé: "Òun ni ó fi òtítọ́ rẹ̀ hàn mí."

Ó yẹ kí ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe ẹnu nìkan ni a fi ń dúpẹ́. Ẹni tí a fún ní nǹkan pa mọ́ gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí a kọ́ ní ìmọ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ, kí ó má ṣe sọ ọ́ di ọgbọ́n orí ara rẹ̀. Ẹni tí a sọ òtítọ́ fún gbọ́dọ̀ padà lọ wí pé, "Ẹ ṣé, ẹ̀yin ni ẹ jàre," bí ó tilẹ̀ korò lẹ́nu. Ẹni tí a sì ràn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí mo bá ní báàjì kan náà méjì lónìí, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni mo ń fi ọ̀kan fún.

Ẹ wo bí ohùn ti ń yí ìtumọ̀ padà nínú èdè wa. Ọ̀pẹ ni igi tí ó wà lára báàjì. Ọpẹ́ ni gbèsè tí ó wà lọ́rùn mi. Mo fi owó ra ọ̀pẹ ní Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè fi owó san ọpẹ́. Ẹni tí ó bá mọ inú rò ni ó mọ ọpẹ́ dá.

ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ DÍẸ̀

Òṣùká: aṣọ tàbí ewé tí a ká roboto, tí a ń gbé ka orí kí ẹrù má baà dun ni.
Ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́: ẹni tí ó ń fi ọgbọ́n àrékérekè ṣe nǹkan.
Pẹ́lẹ́: kí ojú nǹkan jẹ títí yóò fi fẹ́lẹ́.
Gbalaja: ní títẹ́ gbogbo ara sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó mú kí òǹkọ̀wé wí pé olè ni òun jà bí òun bá gba ìkíni fún ara òun nìkan?
2. Ọ̀nà wo ni báàjì ọmọ-ogun fi jọ ilà ojú?
3. Ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ti tú ìtumọ̀ báàjì Ẹgbẹ́ Kejìlélọ́gọ́rin.
4. Báwo ni Bàbá ará Abẹ́òkúta ti fi ìbéèrè méjì péré hàn pé ìtàn oníṣòwò náà kò lè jẹ́ òótọ́?
5. "Bí mo bá fẹ́ ibi fún ọ, ǹ bá yìn ọ́ ní ọjọ́ náà." Kí ni Bàbá ní lọ́kàn?
6. Kọ àròkọ tí kò ju ojú-ìwé méjì lọ lórí ẹnì kan tí ó ṣe ọ́ lóore tí o kò tètè mọ̀ pé oore ni.